Ìbọn Ọ̀dà Tó Mu Epo

Àgbẹ̀dẹ Bàbá Ògúnjọbí,
Lọ́nà oko,
Massè,
Adja-Ouèrè.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, ọdún 2024.

Armand, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ìwọ lo fà á. Má wulẹ̀ máa wá àwáwí kankan, má sì sọ fún mi pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ìbọn ọ̀dà tó o yàn fún mi dára. Ọ̀dà náà dára. Ọwọ́ mi náà dára, ìwọ fúnra rẹ mọ̀. Ẹnu rẹ ni kò dára. Ọ̀rọ̀ kan péré tó já bọ́ lẹ́nu rẹ nínú fóònù ló sọ pátákó ilé ìgbẹ̀bí di ara ọ̀pọ̀lọ́, òun náà ló sì sọ mí di ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ àgbẹ̀dẹ kí ojú èmi àti bàbá ọkọ mi má baà ṣe mẹ́rin.

Kí wọ́n má baà ní àwọn ìyá wa ò kọ́ mi, ó yá, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Olúwakẹ́mi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ilé ìwé ni wọ́n ń lọ, àbí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣì ń lé kiri? Ìyá àgbà tó bí ọ, ẹ̀gbọ́n ìyá tèmi, ṣé ojú wọn ṣì ń ríran débi tí wọ́n á fi ṣa òkúta inú ìrẹsì fúnra wọn? Ẹ kú ariwo ìlú ńlá Àjàṣẹ́ o. Níbí, a dúpẹ́. Àkànmú ọkọ mi wà lóko gbágùúdá, ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti ń bó, eruku ọ̀nà Massè sì ti kùn wá ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kò tiẹ̀ gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ìkíni parí. Jókòó.

Mo lè sọ èyí sínú fóònù kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí fóònù ló kó wa sínú ọ̀ràn yìí. Bí mo bá sọ ọ́, o ó ní Nàfísátù tún ti ń pariwo, o ó sì pa á lágbede méjì. Bí mo bá kọ ọ́, o ó kà á dé ìsàlẹ̀. Abọ́dúndé tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ ló máa fà á lé ọ lọ́wọ́, mo sì ti ní kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Jẹ́ kí n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́: bí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹ̀bi, ìwọ kì í rántí nǹkan kan mọ́. O mọ Solange, àgbà agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí wa níbí. Òun ló ránṣẹ́ pè mí pé òun fẹ́ pátákó tuntun, ńlá kan fún etí títì, kéékèèké fún ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn. Àmọ́ ó ní nǹkan tó ń bí òun nínú. Ọkùnrin kan láti Pobè ló kọ àwọn èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà elépo ló lò, kpayó ló sì fi là á, bẹntiróò inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì yẹn. Òórùn náà wọ gbogbo yàrá. Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́, ó sì ń bì, wọ́n wá fi ẹní gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ló bímọ sí, lójú àwọn adìyẹ.

Solange wò mí, ó ní, "Nàfí, ọ̀dà olómi ni mo fẹ́, èyí tí kì í rùn. Mo sì fẹ́ kó dán bí àwo. Aṣọ tútù ni mo fẹ́ máa fi nù ún lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ rí ipa ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń kọ́lé sí." Kí n tó lanu, ó ti fi kún un pé bí mi ò bá lè ṣe é, kí n sọ, Ìbráhímù atẹ̀wé yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí báàṣì fún òun kí n tó délé.

Báàṣì! Rọ́bà lásán! O mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn mí tó. Láti Oko-Akarè títí dé Kpoulou, rọ́bà ni gbogbo ènìyàn ń gbé kọ́ báyìí. Ẹ̀rọ kan náà, ìkọ̀wé kan náà, ojú alágbàdo àti ojú aránṣọ ò yàtọ̀. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kan bá ti mu ún tán, ó di àkísà, a máa lu ara rẹ̀ pàá pàá nínú afẹ́fẹ́. Mi ò ní kí Ìbráhímù má jẹun o. Àmọ́ kò sí obìnrin agbègbè yìí tí kì í gba iwájú ilé ìgbẹ̀bí yẹn kọjá. Bí pátákó mi bá dúró síbẹ̀, tó dán, tí kò rùn, wọ́n á rí i pé ọwọ́ ènìyàn ṣì lè ṣe é. Bí rọ́bà bá bọ́ síbẹ̀, kí n tètè lọ bá Àkànmú lóko gbágùúdá. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, Armand. Kì í ṣe àwàdà.

Búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣe ohun tí Solange ń fẹ́. Ọ̀dà olómi kì í dúró de ènìyàn, pàápàá nínú ọyẹ́. Kó o tó fa ìlà kejì, àkọ́kọ́ ti gbẹ, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé á yọ gbọnrangandan bí àpá. Mo gbìyànjú rólò, ìyẹn náà fi rorẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ìbọn ọ̀dà tó ń fọ́n ọ̀dà bí ìrì ló kù. Èmi tí ọ̀gá kankan ò kọ́ níṣẹ́, tó jẹ́ ara ògiri ilé ìwé tó ti wó ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà gbàgàdà, mi ò tíì di ìbọn mú rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́, ìwọ tó ń fi í kun ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ. Níbi yẹn, o dáhùn bí ọmọlúàbí.

Mo ti fẹ́ lọ ra irú èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò, èyí tó ní àgbá afẹ́fẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. O ní rárá. O ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ le jù, pé ìdajì ọ̀dà ni yóò fò lọ bá àwọn ewúrẹ́ lára, àti pé àgbá yẹn máa ń làágùn nínú, á sì máa fi omi àti ọ̀rá ẹ̀rọ ránṣẹ́ sínú ọ̀dà. Iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ò tiẹ̀ lè gbé e. Mo bi ọ́ nípa èyí tí kò lo afẹ́fẹ́ rárá, tó ń fi agbára ti ọ̀dà jáde, tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé alájà. O rẹ́rìn-ín, o ní ìyẹn dà bí kéèyàn fi àdá rẹ́ ilá. Èyí tó o wá yàn fún mi ni kékeré tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ nínú àpótí, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò le, tó ń gbé ọ̀dà lé pátákó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í sọ ọ́ lù ú. O ní kí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, torí omi la fẹ́ máa dà sínú rẹ̀. O ní kí ihò ẹnu rẹ̀ má kéré jù, torí ọ̀dà olómi ki, kó má sì fẹ̀ jù, kó má baà máa tutọ́. O ní kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ọ̀dà náà bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì, kí n sì bu omi díẹ̀ sí i, díẹ̀ ni o, títí tó fi máa ṣàn kúrò lára igi bí ẹ̀kọ mímu.

Gbogbo ìyẹn tọ̀nà. Kódà Bàbá Ògúnjọbí, bàbá ọkọ mi, tí wọ́n jókòó tì mí tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ, mi orí. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tí kò le? Ẹwìrì nìyẹn." Ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ń sọ. Mo ní òótọ́ ni, ẹwìrì ọ̀dà ni.

Ibi tí wàhálà ti yọjú gan-an nìyẹn: Bàbá ń gbọ́.

O mọ̀ pé inú àgbẹ̀dẹ wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn wá ń bi wọ́n pé irú ìyàwó wo ló ń gun àkàbà létí títì bí ọ̀bọ. Bàbá kàn dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá ìdajì àgbẹ̀dẹ, wọ́n ní, "Ìyàwó, kó ọ̀dà rẹ wọlé kí òjò má pa á." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé ọkọ́ wá fún wọn rọ. Ọkọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló kún ọjà. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni Bàbá ń jókòó ti owú wọn, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé lórí. Wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún nù ún. Èmi ọmọ ìmàle tí wọ́n fẹ́ wálé, ẹnikẹ́ni ò fi dandan mú mi bọ nǹkan kan nílé yìí. Àmọ́ òfin kan wà tí gbogbo ilé mọ̀: irin kankan kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú àgbẹ̀dẹ yẹn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọ́ epo wò. Àdá ni o, ọkọ́ ni o, abẹ ìfárí ni o. Epo pupa. Oúnjẹ Ògún.

Wàyí o. Lọ́jọ́ tí ìbọn náà dé, ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, mo wá jẹ́ kí fóònù máa sọ ohùn tó o fi ránṣẹ́ síta. Ohùn rẹ gba gbogbo àgbẹ̀dẹ kan. Mo ti gbọ́ ọ tó báyìí tí mo fi lè kọ ọ́ lórin: "Nàfí, irin inú rẹ̀ ò fẹ́ gbígbẹ o. Kó o tó fi ṣe ohunkóhun, fún un lépo díẹ̀." O ò dúró níbẹ̀, alákòóbá. O tún fi kún un pé, "Bàbá, ẹ kú àgbẹ̀dẹ o!"

Bàbá gbé orí sókè. Mi ò tíì rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà tí òjò ti dá. Wọ́n ní, "Mo ti rò pé Àjàṣẹ́ ti jẹ ọmọ yẹn tán. Kò gbàgbé ilé. Ó mọ̀ pé irin kì í fi ọ̀fun gbígbẹ ṣiṣẹ́." Wọ́n wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Mo ní písítólẹ̀ ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é.

"Písítólẹ̀? Ìbọn nìyẹn."

"Ìbọn ọ̀dà ni, Bàbá."

"Ìyàwó, ìbọn nìbọn ń jẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà láti gbé àwọn pátákó wá. Nígbà tí mo padà dé, ìbọn náà wà lórí owú, ó ń dán yanran. Mo rò pé Bàbá bá mi nù ún ni. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun.

Mo rọ ọ̀dà funfun sínú ife rẹ̀, mo fà á. Armand, ìfọ́n àkọ́kọ́ bo pátákó bí wàrà tútù. Orin ti wà lẹ́nu mi. Kí n tó yíra padà, ihò kan là láàárín, róbótó, bí ojú àkèré. Òmíràn là. Òmíràn tún là. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ara rẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò, àfi bí ẹni pé pátákó náà ń la gbogbo ojú rẹ̀ mọ́ mi. Mo nù ún kúrò, mo tún un fọ́n, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí mi ò bú ni kò sí nítòsí. Mo ní káfíńtà fi pákó tútù tàn mí, ó sì búra títí dórí ìyá rẹ̀. Mo pe ẹni tó ta ọ̀dà, mo ní olè ni, ó ní òun ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu obìnrin rí. Mo ní ṣé lẹ́nu ọkùnrin ló ti máa ń gbọ́ ọ? Mo pe ìwọ náà, o ò gbé e. Àárín yẹn ni Solange yà wọlé. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó ní, "Nàfí, ṣé èéyi ló mú eléyìí ni? Gbé e wá ká fún un lábẹ́rẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jókòó. Ìgbà tó ń lọ ló wá sọ pé bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí òun ò rí nǹkan gbé kọ́, òun ò ní bínú sí mi o, ṣùgbọ́n òun á ké sí Ìbráhímù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀ tí mo fi tú ìbọn náà palẹ̀. Mo ti ìka bọ ọ̀nà tí ọ̀dà ń gbà. Ìka mi jáde ní pupa. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Epo pupa, Armand! Epo ilé wa gan-an, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Mo gbójú sókè, Bàbá ń wò mí, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, "O rí i? Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi tì í wọlé kó lè dé ọ̀fun rẹ̀. Kì í ṣe epo tó ti kan ni mo fún un o."

Mo fi etí aṣọ mi nu ìka náà.

Ìwọ náà wò ó. Ta ni kí n bú? Bàbá tó gbá ilé fún mi? Ọwọ́ wọn ló rọ àdá fún bàbá àwọn tó ń lọ ra àdá lọ́jà lónìí. Láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan nípa irin mọ́. Ọmọ kan wá sọ̀rọ̀ láti Àjàṣẹ́ pé kí wọ́n fún irin lépo. Wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ àti epo tuntun. Mi ò mọ ẹni tó lè ṣe é tó báyẹn fún mi ní gbogbo ìlú yìí.

Mo rọra sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, epo ló ba ọ̀dà yẹn jẹ́."

"Epo kì í ba irin jẹ́."

"Kì í ṣe irin, Bàbá. Ọ̀dà ni. Omi ni wọ́n fi pò ó, omi àti epo kì í gbé inú ilé kan."

Wọ́n ní, "Èmi ò fún ọ̀dà lóúnjẹ. Irin ni mo fún." Wọ́n ní ṣé Armand parọ́ ni? Wọ́n ní àbí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìbọn mú lánàá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó yàn án fún mi lọ? Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yé wọn yékéyéké: epo náà ni kò tó. Ẹni tí ebi ń pa, tó o wá fún ní òkèlè kan ṣoṣo, ṣé inú ò ní bí i ni? Wọ́n ní kó tó di pé mo fọwọ́ kan pátákó Solange lẹ́ẹ̀kejì, àwọn á fún un dáadáa.

Ìwọ náà gbọ́ ọ! Dáadáa!

Mo ti fọ ìbọn náà. Mi ò fi kpayó fọ̀ ọ́, torí rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀ yóò wú, Solange yóò sì gbóòórùn rẹ̀ láti etí títì. Omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú ni mo lò, ìyẹ́ adìyẹ Bàbá náà ni mo sì tún fi fọ ọ̀fun rẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń da omi rẹ̀ sínú àwo funfun, mo ń wò ó bóyá ọ̀rá kankan ṣì ń léfòó, títí omi fi jáde bó ṣe wọlé. Lówùúrọ̀, kí ọyẹ́ tó jí, mo gbé àjákù pákó kan kalẹ̀. Mo jẹ́ kí ìbọn jìnnà sí i tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí mo ya tán. Mo fa ọwọ́ mi lọ gbọọrọ, mi ò yí i bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìfọ́n kejì gun ìdajì àkọ́kọ́. Mo jókòó tì í. Kò la ojú kankan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò tíì bù. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án nígbà tó gbẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ohun tí Solange ń fẹ́ nìyẹn. Ohun tó o sọ pé ìbọn yìí lè ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe pé o ò mọ ìbọn yàn. O mọ̀ ọ́n yàn. Ọ̀rọ̀ ni o ò mọ̀ yàn.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lẹ́nu wa. Èyí tá a fi ń se ọbẹ̀, epo ni. Èyí tí zẹ́mí ń rà sínú ọ̀kadà rẹ̀, epo ni. Èyí tí aránṣọ ń kán sára ẹ̀rọ rẹ̀, epo ni. Oúnjẹ Ògún, epo ni. Ọ̀dà tó lé aláboyún jáde sábẹ́ igi máńgòrò, òun náà, elépo là ń pè é. Ẹ̀yin tó wà ní Àjàṣẹ́ mọ orúkọ Faransé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́, ojoojúmọ́ lẹ sì ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ bẹ́ẹ bá ti fẹ́ kó dùn mọ́ ará ilé nínú, ẹ ó wá sọ Yorùbá. Ó dára, mi ò bínú sí ìyẹn, inú mi tiẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ Yorùbá, kó sọ ọ́ tán. Kó má sọ ìdajì kó wá fi ìdajì tó kù sílẹ̀ fún àgbàlagbà láti fi ohun tó mọ̀ dí i.

Ohun tó wá ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé, bí mo bá rò ó dáadáa, ìwọ àti Bàbá ò jìnnà síra yín. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ pé irin tó fẹ́ máa bá omi gbé gbọ́dọ̀ rí epo díẹ̀, kó má baà gbẹ, kó má baà dípẹtà. Ibi tẹ́ ẹ ti pínyà ò ju inú àti ìta lọ. Mo fura pé ìta lò ń sọ, ara ibi tí ìka ń fà àti ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń yọ sẹ́yìn, níbi tí ọ̀dà kì í dé. Mo fura ni o, mi ò tíì mọ̀. Bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, kí ló kàn? Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo lè gbé ìbọn náà pamọ́. Mo lè lọ fọ́n ọ̀dà nílé ẹlòmíràn. Àmọ́ kí ni n óò sọ fún ẹni tó gba ọ̀dà mi lọ́wọ́ òjò? Pé ọwọ́ wọn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́? Ọjà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnu tèmi náà sọ ọ́.

Ìwọ ni wàá sọ̀rọ̀. Ẹnu lo fi da epo yìí sílẹ̀, ẹnu náà ni wàá fi nù ún. Àárọ̀ Sátidé ni mo fẹ́ kun pátákó Solange, Bàbá sì ti ní àwọn ni àwọn á kọ́kọ́ dé àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà. Kí ohùn rẹ ti wọ fóònù mi kó tó dìgbà yẹn. Má sọ ọ́ sí èmi, àwọn ni kó o pè. Kí wọn bó ṣe yẹ. Má ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣe àṣìṣe, torí wọn ò ṣe é. Sọ fún wọn pé ìwọ ni o ò sọ̀rọ̀ náà tán. Sọ irú epo tó jẹ́ gan-an, bóyá ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni, bóyá ti ọ̀kadà ni, bóyá òmíràn tí mi ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Sọ ibi tí wọ́n á kán an sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Kó o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ṣe, kí àwọn fúnra wọn máa fi ìyẹ́ adìyẹ kán an níta nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ lo ìbọn. Ìbọn náà á rí epo rẹ̀ mu, ọ̀dà mi á jókòó jẹ́ẹ́, àgbẹ̀dẹ á sì ṣì jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ.

Bá mi kí Olúwakẹ́mi dáadáa, sọ fún un pé kó máa mu omi gbígbóná sí ikọ́ yẹn. Kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà fún mi, bí orúnkún rẹ ṣì ń tẹ̀. Àkànmú ní kí n kí ọ, gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn. Ìyá ọkọ mi, Màmá Àgbékẹ́, ń kí ọ púpọ̀púpọ̀. Wọ́n ṣì ń wá ìgò epo ọbẹ̀ wọn káàkiri ilé ìdáná, mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ìwọ lo jẹ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ àbúrò ìyá rẹ, tó ń bá ọ jà torí pé ó gbọ́kàn lé ọ,

Nàfísátù.

Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí ni Bàbá yọ sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ìgò epo ọbẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, ó kún dé ọrùn, ìyẹ́ adìyẹ tuntun sì wà létí wọn. Wọ́n ní ṣé Armand ni mò ń kọ̀wé sí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi í bóyá èyí tó. Armand, wọ́n dúró tì mí báyìí, wọ́n ń dúró de èsì. Dá Bàbá lóhùn: epo wo?